Ẹgbẹ̀jọ tàbí ẹgbàájọ? Bí a ṣe ń ka owó, ọdún àti ọjọ́ ní èdè Yorùbá

Ìbéèrè kan la fẹ́ fi bẹ̀rẹ̀ ẹ̀kọ́ tòní. Bí ìyá kan lọ́jà bá sọ pé ẹ̀ẹ́dẹ́gbẹ̀jọ náírà lòun ń ta apẹ̀rẹ̀ tòmátì òun, tí èkejì tó jókòó tì í sì sọ pé ẹ̀ẹ́dẹ́gbàájọ ni tòun, èwo ló wọ́n jù nínú méjèèjì?

Ẹ má sáré dáhùn. Ẹ̀ẹ́dẹ́gbẹ̀jọ ni ₦1,500. Ẹ̀ẹ́dẹ́gbàájọ ni ₦15,000. Ìlọ́po mẹ́wàá ni! Ohun tó sì ya méjèèjì sọ́tọ̀ kò ju pé ọ̀kan ní "gbẹ̀" láàárín, èkejì ní "gbàá". Ẹni tí kò bá gbọ́ ọ dáadáa lè rò pé òun ti rí ọjà pọ́ọ́kú, kó wá di àríyànjiyàn nígbà tí owó bá fẹ́ jáde lápò.

Ọ̀pọ̀ wa ló ń sọ Yorùbá yanjú nílé, àmọ́ tó bá ti kan iye, bí a bá ti ka ogún tán, Gẹ̀ẹ́sì ló kù. Àwọn mìíràn á ní kíka iye ní Yorùbá ti le jù, pé àkọ́sórí ni gbogbo rẹ̀. Kì í ṣe àkọ́sórí rárá. Ìṣirò ni. Ẹni tó bá mọ òpó mẹ́ta, ìyẹn ogún, igba àti ẹgbàá, tó sì mọ ọ̀rọ̀ méjì, ìyẹn "lé" àti "dín", ó ti ní kọ́kọ́rọ́ ilé náà lọ́wọ́. Ìwọ̀nba iye díẹ̀ ló kù tó máa há sórí.

"Lé" àti "dín": láti ọ̀kan dé àádọ́ta

Gbogbo wa la mọ ọ̀kan dé mẹ́wàá, a ò ní fi àkókò ṣòfò níbẹ̀. Tó bá ti kọjá mẹ́wàá, òfin kan ṣoṣo ló wà: iye mẹ́rin àkọ́kọ́, à ń fi kún, iye márùn-ún tó tẹ̀ lé e, à ń yọ kúrò nínú èyí tó wà níwájú.

Mọ́kànlá, méjìlá, mẹ́tàlá, mẹ́rìnlá: ẹ̀wá ni a fi ọ̀kan, èjì, ẹ̀ta, ẹ̀rin kún. Tó bá di 15, a ò fi kún mọ́. Ogún la ń wò lọ́ọ̀ọ́kán. Mẹ́ẹ̀ẹ́dógún ni márùn-ún tó dín nínú ogún. Mẹ́rìndínlógún ni mẹ́rin dín nínú ogún, 16 nìyẹn. Mẹ́tàdínlógún, 17. Méjìdínlógún, 18. Mọ́kàndínlógún, 19. Lẹ́yìn náà, ogún.

Bẹ́ẹ̀ náà ló ń lọ. 21 ni mọ́kànlélógún, ọ̀kan lé lórí ogún. 24 ni mẹ́rìnlélógún. 25 ni mẹ́ẹ̀ẹ́dọ́gbọ̀n, tí àwọn mìíràn ń pè ní márùndínlọ́gbọ̀n. 29 ni mọ́kàndínlọ́gbọ̀n, kí ọgbọ̀n tó dé. 34 ni mẹ́rìnlélọ́gbọ̀n, àmọ́ 35 ti di márùndínlógójì. 44 ni mẹ́rìnlélógójì, 45 sì ni márùndínláàádọ́ta.

Ibi tí ọ̀pọ̀ ọmọdé ti ń ṣìnà nìyí. Wọ́n á ka mẹ́rìnlélógún, wọ́n á wá sọ pé "márùnlélógún". Ẹ má bá wọn wí, ẹ kàn sọ fún wọn pé láti orí márùn-ún, ojú ti kúrò lẹ́yìn, iwájú là ń wò. Òfin yìí kan náà ni wọ́n máa lò títí dé igba.

Bí ẹnikẹ́ni bá ní ìyọkúrò yìí ṣòro, ẹ bi í léèrè pé kí ni aago wí. Bó bá jẹ́ aago márùn-ún ku ìṣẹ́jú mẹ́wàá, ó ti ṣe ìyọkúrò láìmọ̀ nìyẹn. Kò sí ẹni tó ń ṣírò rẹ̀ kó tó sọ ọ́. Ó ti mọ́ ọn lára ni.

Ogún lọ́nà mélòó? Àti àwọn "àád"

Ogún ni òpó àkọ́kọ́. Ẹ wo bí àwọn iye ńlá ṣe ń jáde láti ara rẹ̀:

Ogójì ni ogún méjì: 40.
Ọgọ́ta ni ogún mẹ́ta: 60.
Ọgọ́rin ni ogún mẹ́rin: 80.
Ọgọ́rùn-ún ni ogún márùn-ún: 100.
Ọgọ́fà ni ogún mẹ́fà: 120.
Ogóje ni ogún méje: 140.
Ọgọ́jọ ni ogún mẹ́jọ: 160.
Ọgọ́sàn-án ni ogún mẹ́sàn-án: 180.

Ẹ rí i pé iye tó ń sọ iye ogún wà ní ìparí ọ̀rọ̀ kọ̀ọ̀kan. Ẹ gbọ́ "ta", ẹ mọ̀ pé ẹ̀ta. Ẹ gbọ́ "jọ", ẹ mọ̀ pé ẹ̀jọ.

Kí wá ni ti 50, 70, 90? Mẹ́wàá ni a yọ kúrò nínú èyí tó wà níwájú wọn. Àádọ́ta ni mẹ́wàá dín nínú ọgọ́ta. Àádọ́rin ni mẹ́wàá dín nínú ọgọ́rin, 70. Àádọ́rùn-ún, 90. Àádọ́fà, 110. Àádóje, 130. Àádọ́jọ, 150. Àádọ́sàn-án, 170. Nítorí náà, nígbàkúùgbà tí ẹ bá ti gbọ́ "àád" níwájú iye, mẹ́wàá ti kúrò níbẹ̀. 190 nìkan ló yàtọ̀ díẹ̀: igba ó dín mẹ́wàá la ń pè é.

Ọgbọ̀n, 30, dá dúró láyè tirẹ̀, kò sí nínú ìtò yìí. Òun la kàn gbọ́dọ̀ mọ̀ lórí.

Igba àti ẹgbàá: ibi tí owó ti ń sọnù

Òpó kejì ni igba, 200. Láti ibẹ̀ lọ, kì í ṣe ogún la ń kà lọ́nà mélòó mọ́, igba ni:

Ẹgbẹ̀ta ni igba mẹ́ta: 600.
Ẹgbẹ̀rin ni igba mẹ́rin: 800.
Ẹgbẹ̀rún ni igba márùn-ún: 1,000.
Ẹgbẹ̀fà ni igba mẹ́fà: 1,200.
Egbèje ni igba méje: 1,400.
Ẹgbẹ̀jọ ni igba mẹ́jọ: 1,600.
Ẹgbẹ̀sán ni igba mẹ́sàn-án: 1,800.

Méjì ló yapa níbí: ọ̀ọ́dúnrún, 300, àti irinwó, 400. Àwọn náà la máa há sórí.

Òpó kẹta ni ẹgbàá, 2,000, tí í ṣe igba mẹ́wàá. Àwọn kan ṣì máa ń pè é ní ẹgbẹ̀wá. Tó bá ti kọjá ibẹ̀, ẹgbàá là ń kà lọ́nà mélòó:

Ẹgbàájì: 4,000.
Ẹgbàáta: 6,000.
Ẹgbàárin: 8,000.
Ẹgbàárùn-ún: 10,000.
Ẹgbàáfà: 12,000.
Ẹgbàáje: 14,000.
Ẹgbàájọ: 16,000.
Ẹgbàásàn-án: 18,000.

Ẹ wá fi ojú sí i dáadáa. Ẹgbẹ̀ta, 600, ẹgbàáta, 6,000. Ẹgbẹ̀rin, 800, ẹgbàárin, 8,000. Egbèje, 1,400, ẹgbàáje, 14,000. Gbogbo ìgbà tí "gbẹ̀" bá di "gbàá", iye náà ti di ìlọ́po mẹ́wàá nìyẹn. Ohun tí àwa tó ń ka ìròyìn lórí afẹ́fẹ́ gbọ́dọ̀ ṣọ́ nìyí, òun náà sì ni olùgbọ́ gbọ́dọ̀ tẹ́tí sí. Bí ìjọba bá ní òun máa fún àgbẹ̀ kọ̀ọ̀kan ní ẹgbàárin náírà, tí ẹnì kan gbọ́ ẹgbẹ̀rin, inú á bí i lásán. Bó bá sì jẹ́ òdì kejì rẹ̀ ló gbọ́, á ti ná owó tí kò ní.

Àwọn iye tó wà láàárín ńkọ́? Ìyọkúrò náà ni. Ẹ̀ẹ́dẹ́gbẹ̀ta, 500, ni ọgọ́rùn-ún tó dín nínú ẹgbẹ̀ta. Ẹ̀ẹ́dẹ́gbẹ̀rin, 700. Ẹ̀ẹ́dẹ́gbẹ̀rún, 900. Ẹ̀ẹ́dẹ́gbẹ̀jọ, 1,500. Ti ẹgbàá náà rí bẹ́ẹ̀, àmọ́ ẹgbẹ̀rún ló ń dín níbẹ̀: ẹ̀ẹ́dẹ́gbàáta, 5,000, ni ẹgbẹ̀rún tó dín nínú ẹgbàáta. Ẹ̀ẹ́dẹ́gbàárin, 7,000. Ẹ̀ẹ́dẹ́gbàájọ, 15,000.

Ṣé ẹ rí ohun tí àwọn baba wa ṣe? Ìdajì òpó ni wọ́n ń yọ. Ìdajì ogún ni mẹ́wàá, òun ni "àád" ń yọ. Ìdajì igba ni ọgọ́rùn-ún. Ìdajì ẹgbàá ni ẹgbẹ̀rún. Òfin kan náà ló gun àkàbà láti ìsàlẹ̀ dé òkè.

Méjì péré ni kí ẹ ṣọ́. Ẹ̀ẹ́dẹ́gbàá lásán, tí kò ní ìrù, 1,900 ni, nítorí pé ẹgbàá dúró níbẹ̀ gẹ́gẹ́ bí igba mẹ́wàá, ọgọ́rùn-ún ló sì dín nínú rẹ̀. 3,000 náà ní orúkọ tirẹ̀: ẹgbẹ̀ẹ́dógún, ìyẹn igba mẹ́ẹ̀ẹ́dógún.

Owó ẹyọ ló kọ́ wa

Kí ló dé tó fi jẹ́ ogún, igba àti ẹgbàá? Ẹ̀rí tó wà nílẹ̀ tọ́ka sí ọjà, pàápàá sí owó ẹyọ.

Òkun Íńdíà ni owó ẹyọ ti wá, ní erékùṣù Maldives. Àwọn oníṣòwò ló ń gbé e kọjá òkun kó tó dé etíkun wa. Láti 1845, àwọn oníṣòwò ọmọ Jámánì tún bẹ̀rẹ̀ sí í kó irú mìíràn tó tóbi jù bẹ́ẹ̀ lọ wá láti Zanzibar, ní ìlà-oòrùn Áfíríkà. Bí owó ṣe ń pọ̀ sí i nílẹ̀, bẹ́ẹ̀ ni iyì rẹ̀ ń wálẹ̀, tí ohun tí wọ́n ń fi owó díẹ̀ rà tẹ́lẹ̀ wá ń gba àpò. Ẹ̀yin náà mọ irú rẹ̀ lóde òní.

Ẹni tó bá fẹ́ ka ẹgbẹẹgbẹ̀rún owó lẹ́ẹ̀kan náà kò lè máa kà á ní ọ̀kọ̀ọ̀kan. Ní 1887, Adolphus Mann, ajíyìnrere ọmọ Jámánì tó bá ìjọ CMS ṣiṣẹ́ ní Ìjàyè, gbé àpilẹ̀kọ kan jáde ní London lórí bí àwọn Yorùbá ṣe ń ka iye. Ó ṣàlàyé bí wọ́n ṣe ń kà á. Wọ́n á da àpò owó sílẹ̀. Ẹni tó fẹ́ kà á á jókòó tàbí kó kúnlẹ̀ tì í, á máa fi ọwọ́ wọ́ ọ ní márùn-ún márùn-ún. Bó bá wọ́ márùn-ún lọ́nà ogún, ó di ọgọ́rùn-ún. Á tún ṣe ọgọ́rùn-ún mìíràn, á pa méjèèjì pọ̀, ó di òkìtì kan. Òkìtì yẹn ni igba. Lẹ́yìn náà, òkìtì ló kù tó ń kà, kì í ṣe ẹyọ mọ́.

Ìdí nìyí tí "igba" fi jẹ́ òpó nínú èdè wa. Ìdí náà nìyí tí ìyọkúrò fi rọrùn fún wọn: bí òkìtì mẹ́ta bá wà nílẹ̀, ó yá láti yọ ọgọ́rùn-ún kúrò nínú ìkẹta ju kéèyàn tún bẹ̀rẹ̀ látorí òfo.

Wọ́n tún máa ń sín owó ẹyọ sínú okùn. Ogójì ló ń wà lórí okùn kan. Àádọ́ta okùn jẹ́ ẹgbàá. Ẹgbàá mẹ́wàá sì kún àpò kan, ìyẹn ọ̀kẹ́ kan, 20,000. Nígbà tí Henry Townsend bẹ̀rẹ̀ Ìwé Ìròyìn fún àwọn ará Ẹ̀gbá àti Yorùbá ní Abẹ́òkúta ní 1859, ọgọ́fà owó ẹyọ ni wọ́n ń ta ẹ̀dà kan. Ẹ bá wa ṣírò rẹ̀: okùn mẹ́ta géérégé. Òǹkàwé kò nílò láti máa ka ẹyọ lẹ́nu ọ̀nà.

Owó náà wọnú èdè débi pé a ò mọ̀ pé ó wà níbẹ̀ mọ́. Nígbà tí àwọn àgbà bá ń ka "oókan, eéjì, ẹẹ́ta, ẹẹ́rin", owó ni wọ́n ń kà: owó kan, owó èjì, owó ẹ̀ta, owó ẹ̀rin. "Okòó" tí ẹ ń gbọ́ lẹ́nu wọn, ogún owó ni.

Owó oṣù ní ọ̀kẹ́

Ọ̀kẹ́ yìí ṣì wúlò púpọ̀. Mílíọ̀nù kan ni àádọ́ta ọ̀kẹ́, nítorí pé 20,000 lọ́nà àádọ́ta ni 1,000,000. Ẹ̀ẹ̀kan lẹ́ẹ̀kọ̀ọ̀kan lẹ máa ń gbọ́ ọ nínú ìròyìn.

Ẹ jẹ́ ká fi owó oṣù tó kéré jù lọ fún òṣìṣẹ́ ní Nàìjíríà dán an wò. Ní 2011, ₦18,000 ni. Ẹgbàásàn-án nìyẹn, ọ̀rọ̀ kan ṣoṣo. Ní 2019, ó di ₦30,000: ọ̀kẹ́ kan ààbọ̀. Ní 2024, ó di ₦70,000: ọ̀kẹ́ mẹ́ta ààbọ̀. Ìyẹn ni pé ọ̀kẹ́ mẹ́ta jẹ́ 60,000, ààbọ̀ ọ̀kẹ́ jẹ́ 10,000.

Lórí rédíò lóde òní, ọ̀nà mìíràn la sábà máa ń gbà: ẹgbẹ̀rún lọ́nà ọgbọ̀n náírà, ẹgbẹ̀rún lọ́nà àádọ́rin náírà. Kò sí àṣìṣe níbẹ̀. Ó bá bí wọ́n ṣe ń kọ iye sílẹ̀ mu, ó sì yé tèwe tàgbà. A ò ní kí ẹnikẹ́ni pa á tì. Ohun tí à ń sọ ni pé kí ẹni tó gbọ́ "ọ̀kẹ́ mẹ́ta ààbọ̀" lẹ́nu bàbá rẹ̀ má wò ó bí ẹni tó ń sọ èdè àjèjì.

Lọ́jà, ẹ lè gbọ́ "àpò" náà. Àpò kan ni wọ́n ń pe ọgọ́rùn-ún pọ́ùn láyé pọ́ùn. Nígbà tí náírà gba ipò pọ́ùn ní ọjọ́ kìíní oṣù kìíní ọdún 1973, pọ́ùn kan di náírà méjì, àpò kan sì di igba náírà. Ìdí nìyí tí àwọn ìyá ọlọ́jà kan fi ń pe ₦1,000 ní àpò márùn-ún títí dòní.

Nọ́ńbà fóònù kò sí nínú gbogbo èyí o. Ọ̀kọ̀ọ̀kan là ń pè é: òdo, mẹ́jọ, òdo, mẹ́ta. Kò sí ẹni tó ń yọ nǹkan kúrò níbẹ̀.

Ọdún tí wọ́n bí ẹ ńkọ́?

Ọdún la sábà máa ń sáré pè ní Gẹ̀ẹ́sì jù, bẹ́ẹ̀ ó rọrùn. Ẹgbàá, 2,000, ti wà nítòsí. Bí ọdún náà kò bá jìnnà sí i, ẹ yọ ọ́ kúrò nínú ẹgbàá. Bó bá ti kọjá a, ẹ fi kún un.

1960, ọdún òmìnira Nàìjíríà: ẹgbàá ó dín ogójì.
1986, ọdún tí Wọlé Ṣóyínká gba ẹ̀bùn Nobel: ẹgbàá ó dín mẹ́rìnlá.
1999, ọdún tí ìjọba alágbádá padà dé: ẹgbàá ó dín ọ̀kan.
2024: ẹgbàá ó lé mẹ́rìnlélógún.

Àwọn tó ti pẹ́ sẹ́yìn, òpó tó sún mọ́ wọn la máa lò. 1914, ọdún tí wọ́n so Àríwá àti Gúúsù Nàìjíríà pọ̀: ẹ̀ẹ́dẹ́gbàá ó lé mẹ́rìnlá. 1859 tí Ìwé Ìròyìn bẹ̀rẹ̀: ẹgbẹ̀sán ó lé mọ́kàndínlọ́gọ́ta. Ẹ kọ ọdún ìbí yín sílẹ̀, kí ẹ wo bí ó ṣe jìnnà sí ẹgbàá tó. Ó ti parí nìyẹn.

Ọjọ́: òní náà wà nínú rẹ̀

Bí iye ọjọ́ bá délẹ̀, nǹkan mìíràn tún wà tó ń fa èdè àìyedè. Nínú kíka ọjọ́ ní ìlànà àtijọ́, ọjọ́ tí a wà nínú rẹ̀ gan-an là ń kà ní ọ̀kan.

Ẹ wo ìjẹ́ta. Bí òní bá jẹ́ Ọjọ́rú, Ajé ni ìjẹ́ta. Ọjọ́rú, Ìṣẹ́gun, Ajé: mẹ́ta. Gẹ̀ẹ́sì á ní ọjọ́ méjì sẹ́yìn ni, nítorí pé kò ka òní mọ́ ọn.

Ẹ wo ìsọmọlórúkọ. Ọjọ́ kẹjọ la ń sọmọ lórúkọ. Ọmọ tí wọ́n bí lọ́jọ́ Ajé, ọjọ́ Ajé tó tẹ̀ lé e ni ìkómọjáde rẹ̀, nítorí pé ọjọ́ ìbí gan-an ni ọjọ́ kìíní. Ẹni tó bá fi ẹ̀jọ kún déètì lórí kàlẹ́ńdà, ọjọ́ Ìṣẹ́gun ló máa dé, tí ìrẹsì ti tán.

Ẹ wo ọjà náà. Ọ̀sẹ̀ àtijọ́ ní ọjọ́ mẹ́rin: ọjọ́ Ọ̀sẹ̀, ọjọ́ Awo, ọjọ́ Ògún àti ọjọ́ Jàkúta. Àmọ́ "ọrọọrún" là ń pe ọjà tí wọ́n ń ná bẹ́ẹ̀, nítorí pé láti ọjọ́ ọjà dé ọjọ́ ọjà, bí a bá ka méjèèjì, márùn-ún ni. Ìtàdógún náà nìyẹn, tí àwọn ẹgbẹ́ àti àwọn aláèésú ń lò. Orúkọ rẹ̀ sọ iye rẹ̀: ẹ̀ta dín nínú ogún, 17. Lórí kàlẹ́ńdà, ọjọ́ 16 ló wà láàárín ìpàdé kan àti èkejì.

Nítorí náà, bí màmá àgbà bá ní wọ́n pe òun sí ilé ìwòsàn ní "ọjọ́ mẹ́jọ òní", kí ẹ tó kọ déètì sílẹ̀, ẹ bi wọ́n pé ọjọ́ wo gan-an nínú ọ̀sẹ̀. Irú ọjọ́ òní nínú ọ̀sẹ̀ tó ń bọ̀ ló ṣeé ṣe kí wọ́n ní lọ́kàn. Ọjọ́ kan péré ló yàtọ̀, àmọ́ ọjọ́ kan tó láti pàdánù dókítà.

Ṣé àwa nìkan là ń kà báyìí?

Rárá o. Nínú Látìn, èdè àwọn ará Róòmù àtijọ́, duodeviginti ni 18, ìtumọ̀ rẹ̀ sì ni méjì dín nínú ogún. Undeviginti ni 19, ọ̀kan dín nínú ogún. Bí ẹni pé wọ́n gbọ́ ọ lẹ́nu wa!

Àwọn Faransé ń pe 80 ní quatre-vingts, ìyẹn ogún mẹ́rin. Ọmọ Yorùbá tó ń lọ ilé ìwé ní Kétu tàbí Sakété ní orílẹ̀-èdè Benin ti mọ ọgọ́rin nílé kí tísà tó kọ́ ọ ní Faransé. Ohun kan náà ni.

Iye wa sì ti wọ ọkọ̀ ojú omi rí. Ní Cuba, orúkọ tí àwọn olórìṣà ń pe owó ẹyọ mẹ́rìndínlógún tí wọ́n fi ń dífá ni diloggún. Ara "mẹ́rìndínlógún" ni ọ̀rọ̀ náà ti já. Wọ́n ń pe ojú kejìlá ní Ejila, ìkẹtàlá ní Metanla, ìkẹrìnlá ní Merinla. Ìkẹẹ̀ẹ́dógún ló dùn jù: Marunla ni wọ́n ń pè é. Ìyẹn ni pé wọ́n fi kún ẹ̀wá níbi tí àwa ti ń yọ kúrò nínú ogún. Àwọn tí wọ́n kó lẹ́rú kọjá òkun pàdánù ohun púpọ̀, àmọ́ iye wà lẹ́nu àwọn ọmọ wọn títí dòní.

Ohun tó wà lọ́wọ́ wa

Bí èyí bá ṣì wà ní Cuba, kí ló máa ṣẹlẹ̀ sí i nílé? Ọmọ tó bá ń ka gbogbo iye ní Gẹ̀ẹ́sì kò lè bá ìyá ìyá rẹ̀ ṣòwò. Bí wọ́n bá rán an níṣẹ́ pé kó gba ẹgbẹ̀fà lọ́wọ́ alájọ, ó lè gba iyekíye dé.

Wọ́n ti gbìyànjú rẹ̀ rí nílé ìwé. Láti 1970, Ọ̀jọ̀gbọ́n Babs Fáfúnwá àti àwọn ẹlẹgbẹ́ rẹ̀ ní Yunifásítì Ifẹ̀ fi Yorùbá kọ́ àwọn ọmọ ilé ìwé alákọ̀ọ́bẹ̀rẹ̀ ní gbogbo iṣẹ́ fún ọdún mẹ́fà, ìṣirò pẹ̀lú, tí wọ́n sì kọ́ wọn ní Gẹ̀ẹ́sì gẹ́gẹ́ bí iṣẹ́ kan láàyè ara rẹ̀. Àbájáde rẹ̀ fi hàn pé àwọn ọmọ náà kò kẹ́yìn ẹgbẹ́ wọn. Wọ́n tiẹ̀ ṣe dáadáa ju àwọn tí wọ́n fi Gẹ̀ẹ́sì kọ́ lọ.

A ò nílò láti dúró de ìjọba kí a tó bẹ̀rẹ̀ nílé. Bí ọmọ bá ń gun àtẹ̀gùn, kó máa kà á ní Yorùbá. Bí ẹ bá rán an lọ ra búrẹ́dì, ẹ pe iye owó náà fún un ní Yorùbá, kó sì pe ṣéńjì padà fún yín bẹ́ẹ̀. Ẹ má fò kọjá márùndínlọ́gbọ̀n. Ibẹ̀ ni ọ̀pọ̀ ti ń jáwọ́.

Ẹ dán an wò

Ẹ bo ìdáhùn tó wà nísàlẹ̀ mọ́lẹ̀, kí ẹ kọ́kọ́ gbìyànjú rẹ̀ fúnra yín:

1. Kí ni 58 ní Yorùbá?
2. Kí ni 130?
3. Èwo ló pọ̀ jù, egbèje tàbí ẹgbàájì?
4. Ọlọ́jà ní ẹ̀ẹ́dẹ́gbàárin ni òun ń ta iṣu òun. Èló ni?
5. Wọ́n bí ẹnì kan ní ọdún tó jẹ́ ẹgbàá ó dín méje. Ọdún wo ni?
6. Ọ̀kẹ́ mẹ́wàá náírà, èló ni?

Ìdáhùn:

1. Méjìdínlọ́gọ́ta.
2. Àádóje.
3. Ẹgbàájì ni. Egbèje jẹ́ 1,400, ẹgbàájì jẹ́ 4,000.
4. ₦7,000. Ẹni tó bá gbọ́ ẹ̀ẹ́dẹ́gbẹ̀rin, ₦700 ló gbé lọ́wọ́, iṣu náà kò ní tẹ̀ lé e délé.
5. 1993.
6. ₦200,000.

Ẹni tó bá gba mẹ́rin nínú mẹ́fà ti ṣe bẹbẹ. Ẹni tó bá gba gbogbo rẹ̀, kó wá ọmọ kan nínú ilé tí kò mọ̀ ọ́n, kó jókòó tì í ní ìrọ̀lẹ́ òní.